ÀÀLÈ TÀBÍ ÀGÁDÁGODO? ÀYẸ̀WÒ ÌDÈNÀ ÀDÀKỌ NÍNÚ GÉÈMÙ ÀWỌN AṢẸ̀DÁ KÉÉKÈÈKÉ

1. Ìfáárà

Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ìbéèrè kan wò tí àwọn tí ń ṣẹ̀dá géèmù orí kọ̀ǹpútà ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí aṣẹ̀dá kékeré, ẹni tí kò ní ju ọwọ́ ara rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì lọ, fi ìdènà àdàkọ sí iṣẹ́ rẹ̀? Ìdènà àdàkọ ni a pe gbogbo ọgbọ́n tí aṣẹ̀dá ń dá kí ẹni tí kò sanwó má baà rí ẹ̀dà géèmù lò. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà àṣírí tí òǹlò gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí géèmù tó ṣí. Ó sì lè jẹ́ pé géèmù náà yóò máa béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ẹni tí ń lò ó ti sanwó.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ òwò ni èyí, pé kò kan lámèyítọ́. Èrò tiwa yàtọ̀ sí ìyẹn. Géèmù tí ó ní ìtàn, ẹ̀dá-ìtàn àti ibùdó ìtàn jẹ́ iṣẹ́ ọnà, ọ̀nà tí a sì gbà dáàbò bò ó jẹ́ apá kan nínú ohun tí ó ń bá òǹlò sọ. Ìdènà a máa sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ mọ irú ènìyàn tí aṣẹ̀dá kà á sí. Nítorí náà, a lè bi ìdènà ní ìbéèrè tí a máa ń bi ewì tàbí ìtàn àròsọ: ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó ń sọ, ǹjẹ́ òótọ́ sì ni ohun tí ó ń sọ?

Géèmù tí a ó gbé yẹ̀wò jù ni Game Dev Tycoon, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Greenheart Games, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdènà àti ìtàn ti di ohun kan ṣoṣo. Èrò tí a ó gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ààlè ni ó bá aṣẹ̀dá kékeré mu, àgádágodo kò bá a mu; àti pé ọgbọ́n tí Greenheart Games dá, bí ó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, níye lórí ní ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fojú sí.

2. Àgádágodo, Ààlè àti Ère Alátè

Kí a tó dé orí géèmù náà, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a ó máa lò. Àwọn Yorùbá ti ronú jinlẹ̀ lórí bí a ṣe lè ṣọ́ ohun tí olóhun kò lè dúró tì nígbà gbogbo. Ọ̀nà mẹ́ta ni a yà sọ́tọ̀ nínú èrò wọn.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àgádágodo. Agbára ni ó fi ń dènà, kò sì mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run; bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dúró níwájú àgádágodo. Olóhun pàápàá, bí ó bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ìta ni yóò sùn.

Ọ̀nà kejì ni ààlè. Bí a bá rí àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí àlòkù bàtà tí a so mọ́ igi eléso, tàbí tí a fi lé orí òkìtì igi ìdáná, a mọ̀ pé olóhun ń bẹ. Ààlè kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Ìrísí rẹ̀ kò fani mọ́ra, kò sì ní láárí lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Oríṣìí àrokò kan ni, ìkìlọ̀ sì ni iṣẹ́ tí ó ń jẹ́. David Doris rí i pé ọ̀rọ̀ yìí tó odidi ìwé kan kọ, ó sì kọ ọ́ ní 2011. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù sí wa nípa ààlè ni pé ojútáyé ni a ń gbé e sí, ẹni tí ń kọjá yóò sì ti kà á kí ó tó fi ọwọ́ kan ẹrù. Ó fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn onítọ̀hún. Inú àwùjọ tí ó gbà pé ọ̀rọ̀ lè ṣọ́ ẹrù báyìí ni oníṣòwò ti lè pàtẹ iṣu tàbí èso sẹ́bàá ọ̀nà, kí ó to òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tí ó bá rà á yóò fi owó sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ère alátè. Nínú àlọ́ tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ ní kékeré, Ìjàpá ń jí nǹkan kó lóko olóko. Olóko wá gbẹ́ ère, ó fi àtè kùn ún, ó gbé e sáàárín oko. Ìjàpá kí ère, kò dáhùn. Ó gbá a létí, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ta á nípàá, ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ère alátè kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí olè wọlé kí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, kí ojú sì tì í lójú gbogbo ènìyàn. Igba ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ kan yẹn ni ère alátè ń dúró dè.

3. Ère Alátè Inú Game Dev Tycoon

Patrick Klug àti Daniel Klug, tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ni ó dá Greenheart Games sílẹ̀ ní 2012. Ìtàn géèmù wọn ni pé òǹlò jẹ́ ọ̀dọ́ aṣẹ̀dá géèmù kan. Inú gáréèjì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí i. Òun ni yóò yan irú géèmù tí yóò ṣe, irú kọ̀ǹpútà tí yóò ṣe é fún, àti bí yóò ṣe pín àkókò rẹ̀. Bí ó bá yàn dáadáa, yóò lówó, yóò gba òṣìṣẹ́, yóò kúrò ní gáréèjì. Bí kò bá yàn dáadáa, yóò kógbá wọlé.

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2013, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fúnra wọn ní dọ́là 7.99, àwọn Klug ṣe ohun kan tí ó ya ayé lẹ́nu. Wọ́n mú ẹ̀dà kejì, wọ́n yí inú rẹ̀ padà díẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn gbé e lọ sí ibi tí àwọn ajíẹ̀dà ti ń pín fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé olè ni ó gbé e wá. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dà yìí àti ojúlówó. Nígbà tí òǹlò bá ti lò ó fún wákàtí mélòó kan, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan yóò wá jíṣẹ́ fún un pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn géèmù wọn ṣùgbọ́n ẹ̀dà olè ni wọ́n ń lò, àti pé bí ó bá ń lọ báyìí ilé iṣẹ́ yóò dojú dé. Láti ìgbà náà ni owó yóò ti máa fà sẹ́yìn títí ilé iṣẹ́ náà yóò fi kógbá wọlé.

Patrick Klug gbé àròkọ kan jáde lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ènìyàn 3,318 ni ó lo géèmù náà. Àwọn 214 péré ni ó ní ojúlówó ẹ̀dà. Àwọn 3,104 yòókù, èyí tí ó jẹ́ 93.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀dà olè ni wọ́n ń lò. Ó tún sọ pé díẹ̀ nínú àwọn ajíẹ̀dà wọ̀nyí wá sí gbangba láti ráhùn pé àwọn olè inú géèmù ń ba ilé iṣẹ́ àwọn jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ọ̀nà wà nínú géèmù náà tí òun fi lè ṣe ìwádìí ìdènà àdàkọ kí òun lè fi dáàbò bo iṣẹ́ òun.

Bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ọgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ó dára jù ni kí a gbé ẹni tí a ń bá wí jókòó sí ipò ẹni tí ó ṣẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ajíẹ̀dà tí ó béèrè ìdènà ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Kò sí ìwàásù kankan tí ó lè dé ibi tí ìráhùn rẹ̀ dé. Níhìn-ín, àtè mú ọwọ́, ó mú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀, lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ dúró sórí ẹ̀rín. Àléébù méjì ni a rí nínú ẹ̀fẹ̀ yìí. Èkínní ni pé àsọdùn rẹ̀ kọjá ibi tí ìtàn lè gbé e dé. Nínú ojúlówó ẹ̀dà, ìpinnu òǹlò ni ó ń tọ́ ìtàn, ibẹ̀ sì ni adùn géèmù náà wà. Nínú ẹ̀dà alátè, ìpinnu kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun yòówù kí òǹlò ṣe, ìparun ni òpin rẹ̀. Aṣẹ̀dá ti fi àṣẹ rọ́pò ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ pé òtítọ́ ni géèmù náà ń sọ, pé ibi tí ẹ̀dà olè bá ti pọ̀ ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kú, à bá retí kí Greenheart Games náà kú, nítorí pé nǹkan bí ènìyàn 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sanwó fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọn kò kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013 géèmù wọn dé orí Steam, ọjà géèmù tí ó tóbi jù fún kọ̀ǹpútà, títà rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ìgbésí ayé aṣẹ̀dá tako ìtàn rẹ̀.

Àléébù kejì ni pé ère alátè kì í dá ara rẹ̀ fi hàn. Ajíẹ̀dà tí ó ráhùn kò mọ̀ pé òun ni a ń bá wí. Ewu tí ó wà nínú èyí hàn kedere nínú ọ̀ràn Titan Quest, géèmù tí ilé iṣẹ́ Iron Lore ṣe ní 2006. Wọ́n fi ìdènà pa mọ́ sínú rẹ̀ tí ń mú kí ẹ̀dà olè dákú lójijì. Michael Fitch, tí ó wà ní THQ, ilé iṣẹ́ tí ó gbé géèmù náà jáde, ṣàlàyé ní 2008 pé àwọn ajíẹ̀dà kò mọ̀ pé ìdènà ni. Ṣe ni wọ́n ń sọ kiri pé géèmù náà kò dára, òkìkí burúkú yẹn sì tàn ṣáájú kí àwọn olóòótọ́ tó rí i rà. Ìbáwí tí ẹni tí a ń bá wí kò mọ̀ sí ìbáwí, ẹni tí ń báni wí ni yóò pa lára.

Níbo wá ni iṣẹ́ gidi tí àwọn Klug ṣe wà? Lójú tiwa, inú àròkọ náà ni ó wà. Àròkọ yẹn ni ó tàn káàkiri, òun ni ó sì jẹ́ kí àìmọye ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Greenheart Games rí gbọ́ ọ. Níbẹ̀ ni Patrick Klug ti kọjú sí àwọn ajíẹ̀dà láìfi ohunkóhun pa mọ́: ó sọ fún wọn pé àwọn méjì péré ni ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé owó rẹ̀ kò pọ̀, pé kò sí ìdènà lórí ojúlówó ẹ̀dà tí àwọn ń tà, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rà á. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìyẹn: ẹ̀dà tí wọ́n ń tà fún olóòótọ́ kò ní àgádágodo rárá. Ère alátè fa ojú ayé mọ́ra. Ààlè ni ó bá ayé sọ̀rọ̀.

4. Ẹ̀rí Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Aṣẹ̀dá Mìíràn

Ẹnì kan lè sọ pé Greenheart Games kàn ṣe kòńgẹ́ oríire ni. Ó yẹ kí a fi ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn.

Ní 2008, Russell Carroll ti ilé iṣẹ́ Reflexive sọ ní gbangba pé 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń lo géèmù wọn, Ricochet Infinity, ni ó ń lo ẹ̀dà olè. Géèmù yìí ní ìdènà. Ní ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ 2D Boy, tí Kyle Gabler àti Ron Carmel jẹ́ òpó rẹ̀, gbé World of Goo jáde láìfi ìdènà kankan sí i lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n ṣírò tiwọn, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tún un ṣírò sí 82. Àwọn fúnra wọn ṣàkíyèsí pé ìdènà tí ó wà lára ọ̀kan, tí kò sí lára èkejì, kò mú ìyàtọ̀ pàtàkì wá. Carroll tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo aṣẹ̀dá kékeré há sórí: bí wọ́n ti ń tún ìdènà wọn ṣe, wọ́n rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà olè tí wọ́n dá dúró, ẹyọ kan péré ni ó di títà. Ẹni tí kò ní sanwó kò ní sanwó. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, yóò wá ibòmíràn lọ.

Ní 2008 yẹn kan náà, Cliff Harris ti Positech Games ṣe ohun tí ó rọrùn jù: ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ajíẹ̀dà ìdí tí wọ́n fi ń jí iṣẹ́ òun. Lára ìdáhùn tí ó gbà ni pé géèmù wọ́n, pé ẹ̀dà ìtọ́wò kéré jù, pé ìdènà ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀wò, ó sì pinnu pé òun kò ní lo ìdènà mọ́. Ní 2012, Jonatan Söderström, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe Hotline Miami, rí i pé ẹ̀dà olè iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ó lọ bá àwọn ajíẹ̀dà níbi tí wọ́n ti ń pín in, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ kí géèmù náà lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni kí iṣẹ́ rẹ̀ má bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní àbùkù.

Ní ìdà kejì, a rí ohun tí àgádágodo ń ṣe fún ẹni tí ó ti sanwó. Ní 2010, Ubisoft gbé Assassin's Creed II jáde fún kọ̀ǹpútà, ó sì mú un ní dandan pé kí òǹlò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń lò ó. Ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà dákẹ́ nígbà tí a kọlù wọ́n, àwọn tí wọ́n fi owó ra géèmù kò sì rí i lò. Ubisoft tóbi, ó lè fara da ìbínú bẹ́ẹ̀. Aṣẹ̀dá kékeré kò lè fara dà á, nítorí pé ìfẹ́ àwọn òǹlò díẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀.

5. Àtakò àti Èsì

Àtakò méjì tí ó lágbára ni ó wà sí ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Èkínní ni pé ààlè ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí àwọn ènìyàn ti mọ ara wọn; orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ẹni tí ó mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, àwọn aṣẹ̀dá kéékèèké kan pa géèmù wọn pọ̀ láìní ìdènà nínú ohun tí a pè ní Humble Indie Bundle, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù san iye tí ó bá wù ú, ìbáà jẹ́ kọ́bọ̀ kan owó wọn. Síbẹ̀, ìṣirò tí Wolfire Games, tí ó ṣètò rẹ̀, ṣe ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin-kan àwọn tí ó gbà á ni kò san ohunkóhun. Òtítọ́ ni èyí, ó sì bani nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n títà náà mú owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là wọlé. Ẹni tí ó pàtẹ iṣu sẹ́bàá ọ̀nà kò gbà pé olè kò sí láyé. Ohun tí ó gbà ni pé àwọn tí yóò sanwó pọ̀ tó láti mú un jẹun.

Àtakò kejì ni ìwádìí William Volckmann tí ó jáde ní 2024. Ó yẹ géèmù 86 tí wọ́n fi ìdènà Denuvo sí wò, ó sì rí i pé bí a bá tètè já ìdènà náà lẹ́yìn tí géèmù jáde, owó tí ń wọlé ń dín ní nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ 12, àdánù náà kò tó nǹkan. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ẹ̀rí yìí tì. Ó fi hàn pé àgádágodo tí ó le lè wúlò. Ṣùgbọ́n ta ni ó wúlò fún? Ìdènà olówó gọbọi ni Denuvo. Géèmù tí gbogbo ayé ti ń dúró dè kí ó tó jáde ni ó sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ìṣòro aṣẹ̀dá kékeré ni pé kò sí ẹni tí ń dúró dè é. Ìwádìí náà tún sọ pé ìwúlò àgádágodo ní gbèdéke: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, olóòótọ́ nìkan ni ó kù tí ó ń bá kọ́kọ́rọ́ jà.

6. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdènà àdàkọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí aṣẹ̀dá ń bá òǹlò sọ, àti pé ó ṣeé fi ojú lámèyítọ́ wò. Àgádágodo ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá olè sọ̀rọ̀, kò sì dá olè dúró. Ère alátè pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń mú Ìjàpá, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì kọjá òtítọ́. Ààlè nìkan ni ó ń sọ òtítọ́ ní gbangba: pé ẹnì kan ni ó ṣe ohun yìí, pé iye báyìí ni owó rẹ̀, pé ẹni tí ó bá mú un lọ́fẹ̀ẹ́ mọ ohun tí òun ṣe.

Nítorí náà, bí aṣẹ̀dá kékeré kan bá bi wá, ohun tí a ó sọ fún un ni pé kí ó fi agbára tí ì bá fi ro àgádágodo ṣe ẹ̀dà ìtọ́wò tí ó tẹ́ni lọ́rùn, kí ó dá iye tí ó ṣeé san lé iṣẹ́ rẹ̀, kí rírà rẹ̀ rọrùn ju jíjí rẹ̀ lọ, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí òǹlò lè mọ ẹni tí òun ń sanwó fún. Bí ọjà tí ó ti ń tà bá fi ìdènà fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, kí ó jẹ́ èyí tí olóòótọ́ kò ní mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa bí ó ti lè jọ. Ìwé eré onítàn àti ìtàn àròsọ Yorùbá tí a ń ṣe fọtokópì rẹ̀ fún kíláàsì, fíìmù Yorùbá tí ayédèrú ẹ̀dà rẹ̀ ń wọ ìgboro kí ojúlówó tó tà, ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn gbé dání. Ìwọ̀nba àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ sì ń gbádùn rẹ̀. Kò sí àgádágodo tí a lè fi sí ojú ìwé. Bí a bá fẹ́ kí àwọn tí ń kọ̀wé ní èdè wa máa kọ ọ́ lọ, àfi kí àwa tí ń kà á mọ ààlè kà.